Bí A Ṣe Ń Jiyàn Lórí Ogun Ìráàkì Tí Ìjókòó Kì Í Fi Í Tú

Sabon Gari ní Kánò ni mo dàgbà sí. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2001, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Afigánísítánì. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn èèyàn jáde ní Kánò láti fẹ̀hónú hàn lórí ogun yẹn, kó sì tó di ọjọ́ kejì, ará àdúgbò ti ń pa ará àdúgbò. Bàbá mi ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó kó wa sí yàrá ẹ̀yìn. Gàrí àti omi inú kẹ́ẹ̀gì la fi gbé ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn tó sá wọlé tọ̀ wá jẹ́ télọ̀ kan, ọmọ Ọ̀fà, tó ń ránṣọ ní ìkángun òpópónà wa. Ẹ̀jẹ̀ ń dà létí rẹ̀, ó sì ń bi bàbá mi léraléra pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo ṣẹ̀?" Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó dé, kò gbọ́ orúkọ Kabul, olú ìlú Afigánísítánì, rí.

Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba wá gbógun wọ Ìráàkì ní oṣù Kẹta 2003, tí wọ́n ní Saddam Hussein, olórí ibẹ̀, kó ohun ìjà olóró pamọ́, bàbá mi kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ogun náà nínú ilé. A gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ní báyìí, mo ti di olùkọ́ Government nílé ìwé girama kan ní Kubwa, l'Ábújá níbí, mo sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí a kò bá jókòó sọ nílé, ẹlòmíràn á bá wa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa níta, á sì sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jiyàn lórí ogun Ìráàkì lọ́dọọdún nínú ìpàdé Yorùbá àdúgbò wa, ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ló kún ìpàdé náà, bí ilé Yorùbá ṣe máa ń rí. Èmi ni mò ń darí rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é, fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀.

N kò mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo kàn béèrè pé, "Ṣé ogun Ìráàkì tọ́ àbí kò tọ́?" mo sì jókòó. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ọ̀dọ́kùnrin kan fi pe àgbàlagbà kan ní ẹrú òyìnbó. Àgbàlagbà náà dá a lóhùn pé ẹni tó bá ń gbèjà Saddam, ọmọ ìyá Saddam ni. Àwọn méjèèjì bínú jáde, oṣù márùn-ún gbáko la ò fi rí wọn ní ìpàdé. Ẹ̀bi mi ni. Ìbéèrè tí mo gbé kalẹ̀ ti fẹjú jù. Ẹnì kan ń sọ ohun tí Saddam ṣe ní 1988, ẹnì kejì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baghdad ní 2006, oníkálukú wọn sì gbà pé ẹnì kejì ń purọ́ ni.

Ẹ fi ọjọ́ kan so ìbéèrè náà mọ́lẹ̀

Ohun tí mo kọ́ kọ́kọ́ ṣe nìyí, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ọjọ́ tí mo yàn ni ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2003. Ọjọ́ yẹn ni ilé aṣòfin Ìlú Ọba dìbò lórí ogun náà: 412 ní kó lọ, 149 ní kó má lọ. Mo máa ń sọ fún ìjókòó pé, "Aṣòfin ni gbogbo yín lónìí. Ilẹ̀ ọ̀la ò tíì mọ́. Ẹ ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kí lẹ máa dì?" Ẹnikẹ́ni tó bá mẹ́nu kan ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ọmọ tó ń wo ago á fi síbí kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, onítọ̀hún á sì jókòó kí ẹlòmíràn dìde.

Ó nira ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó ní ogun náà ò tọ́ kò lè sọ mọ́ pé wọn ò kúkú rí ohun ìjà kankan, torí pé ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta yẹn, kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ẹni tó ní ó tọ́ náà ò lè sọ pé wọ́n ṣáà mú Saddam kúrò. Àwọn méjèèjì á ní láti wá ọ̀rọ̀ gidi sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é báyìí, àwọn tó máa ń pariwo jù lọ ló kọ́kọ́ dákẹ́.

Ẹ kọ ohun tí aráyé mọ̀ títí di ọjọ́ náà sójú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ sì pín in káàkiri ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ohun tó wà nínú tiwa rèé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 1988, àwọn ọmọ ogun Saddam fi gáàsì olóró pa àwọn Kurd ní ìlú Halabja, àwọn tó kú sì tó 5,000. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1990, ó gbógun wọ Kuwait. Àwọn olùyẹ̀wò ohun ìjà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán kúrò ní Ìráàkì ní oṣù Kejìlá 1998, wọn ò padà síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 2002, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu 1441. Gbogbo àwọn 15 ló fọwọ́ sí i, Syria pàápàá kò gbẹ́yìn. Ìpinnu náà ní àǹfààní ìkẹyìn rèé fún Ìráàkì láti kó ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ á le. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ jagun, aṣojú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sì sọ lọ́jọ́ yẹn pé kò sí ogun tó fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò padà wọ Ìráàkì kí oṣù náà tó parí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 2003, Hans Blix tó jẹ́ olórí wọn sọ fún Ìgbìmọ̀ Ààbò pé iṣẹ́ tó kù ò ní gba ọdún, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ò sì lè tó o, oṣù mélòó kan ló máa gbà. Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba wá ìbò nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò títí fún ìpinnu kejì tó máa ṣí ọ̀nà fún ogun. Wọ́n bẹ Kamẹrúùnù aládùúgbò wa, wọ́n bẹ Àǹgólà àti Guinea. Ìbò ò pé, wọ́n sì jáwọ́ lọ́jọ́ 17.

Ẹ má fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un ju ohun tó dá yín lójú lọ. Bí ìwé yẹn bá fì síbì kan, àríyànjiyàn ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tó ti Niger wá

Ẹ̀rí kan wà tí mo máa ń yà sọ́tọ̀, nítorí ó sún mọ́ wa. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kíní 2003, Bush dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ní ìjọba Ìlú Ọba ti gbọ́ pé Saddam ń wá uranium, ohun tí wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù núkílíà, rà ní Áfíríkà. Áfíríkà tó ń sọ, Niger ni, orílẹ̀-èdè tó bá Kàtsínà àti Sókótó pààlà. Àwọn ìwé kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ní àdéhùn ni, pé Niger fẹ́ ta 500 tọ́ọ̀nù fún Ìráàkì.

Lọ́dún kan, mo ka ọ̀rọ̀ náà síta, mo sì béèrè pé, "Bí ẹ bá gbọ́ èyí, kí lẹ máa kọ́kọ́ bi ẹni tó wá sọ ọ́?" Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ti epo rọ̀bì, wọ́n ń sọ ti Bush àti bàbá rẹ̀. Alájì kan wà láàárín wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó fi ogún ọdún wa tírélà láti Kánò lọ sí Agadez. Wọn kì í sábà sọ̀rọ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n ní, "Tọ́ọ̀nù mélòó ni tírélà kan ń gbé? 30. Ẹ pín 500 sí i. Tírélà 17 nìyẹn. Arlit ní Niger ni wọ́n ti ń wa nǹkan yẹn, àwọn Faransé ló ń darí ibẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbé e, ẹ máa gba Agadez, ẹ máa gba Tahoua, kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sí Kútọ̀nú níbi tí ọkọ̀ ojú omi wà. Ojú ta ni tírélà 17 fẹ́ gbà kọjá tẹ́nì kankan ò ní rí i?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹni tó mọ ọ̀nà náà ló sì bi í. Ìgbà náà ni mo wá ka ìyókù: ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 2003, ọjọ́ kan náà tí Blix sọ̀rọ̀, Mohamed ElBaradei tó jẹ́ olórí àjọ tó ń rí sí agbára núkílíà lágbàáyé sọ fún Ìgbìmọ̀ Ààbò pé ayédèrú ni àwọn ìwé yẹn. Nínú lẹ́tà kan tí wọ́n kọ oṣù Kẹwàá 2000 sí lórí, ẹni tó fọwọ́ sí i bíi mínísítà ti kúrò nípò yẹn láti 1989. Ẹ ka ọjọ́ rẹ̀: ọjọ́ 11 ló kù kí wọ́n dìbò ní London. Nítorí náà ó wà lára ohun tí aṣòfin lè mọ̀, ẹ lè lò ó ní ìpele kìíní, níbi tí a kì í ti í mẹ́nu kan ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ìbò náà.

Ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ti ẹgbẹ́ kejì síta pẹ̀lú: Ìlú Ọba ní ẹ̀rí tí àwọn ní yàtọ̀ sí ìwé ayédèrú náà, aṣojú Ìráàkì kan sì bẹ Niger wò lóòótọ́ ní 1999. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn kan bí mo bá ka èyí. Mo ṣì máa ń kà á.

Ẹ wá àwọn tó mọ iṣẹ́ sínú ìjókòó tiyín. Ẹ wá awakọ̀, ẹ wá nọ́ọ̀sì, ẹ wá ẹni tó ti ṣe sójà. Àwa ní ọ̀gá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Làìbéríà. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin ní kí ló dé tí wọn ò lè fún Blix ní oṣù mélòó kan tó ń béèrè, bàbá náà ní, "Ìwọ ọmọ yìí, sójà tí wọ́n bá ti kó dé aginjù, ooru ń bọ̀ wá bá a níbẹ̀. Owó ń lọ lójoojúmọ́. O ò lè ní kó jókòó síbẹ̀ di oṣù Kẹsàn-án." Ọmọ náà ní, "Ta ló ní kí wọ́n kó wọn débẹ̀, sà?" Bàbá ní, "Bí wọn ò bá kó wọn débẹ̀, ṣé Saddam máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùyẹ̀wò?" Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. Ọmọ mi lọ jókòó, ó ń rò ó. Àlàyé tó lágbára jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ní ogun náà tọ́ wà nínú ìbéèrè yẹn, ọkùnrin tó ti gbé ìbọn rí ló sì gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì kí wọ́n tó sọ tiwọn

Òfin wa ni pé kí o tó fèsì, wàá kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ sọ, títí òun náà á fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn." Bí kò bá gbà, wàá tún un sọ. Ó máa ń gba àkókò, àwọn kan á máa kùn. Ẹ má gbà fún wọn.

Láti fi kọ́ wọn lọ́wọ́, a máa ń fi ogun ilé bẹ̀rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kírìjí ni mo máa ń lò, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn ò túká níbẹ̀ títí di 1893. Ṣé Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí jàre tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn? Ọmọ Ìbàdàn ni mo máa ń ní kó gbẹnu sọ fún Èkìtì, ọmọ Èkìtì á gbẹnu sọ fún Ìbàdàn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣe é, ara á sì tù wọ́n. Bí wọ́n bá ti ṣe é lórí ogun tí bàbá ńlá wọn jà, ti Saddam ò ní ṣòro mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ kèké fún ẹgbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má yan èyí tó wù ú. Mo sì máa ń bá ẹgbẹ́ méjèèjì jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti rí i pé ọ̀rọ̀ tó lágbára jù ni wọ́n gbé dání. Àwọn tó ní ogun tọ́ sábà máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ ìdènà ọrọ̀ ajé. Láti oṣù Kẹjọ 1990 ni àgbáyé ti ti ọjà mọ́ Ìráàkì, ìyà rẹ̀ sì jẹ mẹ̀kúnnù gan-an. Bí ogun ò bá ṣẹlẹ̀, ìyà yẹn ń bá a lọ, Saddam náà sì ń bá a lọ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má jà gbọ́dọ̀ dáhùn ìyẹn. Àwọn tó ní kò tọ́ sì máa ń gbàgbé láti béèrè pé: bí orílẹ̀-èdè kan bá lè fúnra rẹ̀ pinnu pé ìpinnu Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún òun láṣẹ, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jọ ṣe ìpinnu náà ní rárá, ta ni yóò mú un dúró lọ́jọ́ mìíràn?

Bí wọ́n bá gbé ẹ̀sìn wọ̀ ọ́

Wọ́n á gbé e wọ̀ ọ́. Ní àríwá níbí, ẹnì kan máa dìde, á ní àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ló gbógun ti Mùsùlùmí, ẹlòmíràn á sì ní ó tọ́ sí wọn. Lọ́kàn mi, ibẹ̀ ni télọ̀ ọmọ Ọ̀fà yẹn ti máa ń yọ sí mi, tòun ti ẹ̀jẹ̀ etí rẹ̀. Nítorí náà, n kì í fi ìkìlọ̀ nìkan dá wọn lóhùn. Mo ti kọ ohun mẹ́ta sẹ́yìn ìwé mi tí mo máa ń kà síta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Póòpù John Paul Kejì tako ogun náà, ó sì rán Kádínà kan, Pio Laghi, lọ bá Bush ní oṣù Kẹta 2003 láti bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é. Kuwait, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti gbéra wọ Ìráàkì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2003, ilé aṣòfin Turkey, tí Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ wọn kọjá. Bí mo bá ti ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, n ó ní kí ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Kò tíì sí ẹni tó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ níṣàájú.

Bí wọ́n bá fẹ́ lo ìwé mímọ́, ẹ gbà wọ́n láàyè, kí wọ́n fi wọn ogun náà wò. Láti ìgbà Augustine àti Aquinas, àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ àtijọ́, ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń béèrè pé: ta ló ní àṣẹ láti kéde ogun yìí, kí ni ìdí rẹ̀, kí ló wà lọ́kàn ẹni tó ń jà á? Súúrà Bákárà, ẹsẹ 190, ní kí ẹ bá àwọn tó ń bá yín jà jà, kí ẹ má sì kọjá ààlà. Alùfáà wa àti pásítọ̀ wa jọ jókòó ti ara wọn lọ́dún kan, wọ́n ka méjèèjì, ìdájọ́ tí wọ́n sì mú jáde sún mọ́ra débi tí ìyàwó pásítọ̀ fi pàtẹ́wọ́.

Ìpele kejì

Lẹ́yìn ìpele kìíní, ẹ jẹun. Mọ́ínmọ́ín àti kúnú ló ń tó wa. Kí ẹni tó tako ara wọn jù bá wa pín in.

Ìgbà náà ni ẹ ó wá ṣí ọjọ́ sílẹ̀. Baghdad ṣubú lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹrin 2003. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, Paul Bremer tí Amẹ́ríkà fi síbẹ̀ tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìráàkì ká, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó mọ ìbọn lò sì padà sílé láìníṣẹ́. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà fúnra wọn jáde sọ ní 2004 pé àwọn ò rí ohun ìjà tí wọ́n ní ó kó pamọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 2016, ìwádìí Chilcot ní Ìlú Ọba sọ pé kò tíì di ọ̀ràn-an-yàn nígbà tí wọ́n lọ jagun náà. N kì í fi àkókò ṣòfò níbí, torí pé ìpele yìí rọrùn, gbogbo èèyàn ló ti mọ ibi tó parí sí. Ohun kan ṣoṣo ni kí olùdarí ṣọ́: wọ́n so Saddam kọ́ lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá 2006, ọjọ́ Iléyá àwọn Sunni ní Ìráàkì. Ó ṣì ń dun ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí wa, títí kan àwọn tó kórìíra Saddam. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ dá a dúró.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí oníkálukú ti kọ ìbò rẹ̀ sínú ìwé pélébé, láìsí orúkọ. Kí wọ́n tún kọ òmíràn lẹ́yìn ìpele kejì. N kì í sọ ohun tí èmi rò títí wọ́n á fi kó ìwé kejì jọ. Lójú tèmi, ogun náà ò tọ́, nítorí pé ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún ń bẹ̀bẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọn ò sì fún un. N kò gbàgbé Halabja tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjì tó bínú jáde lọ́dún àkọ́kọ́ ti padà. Nígbà tí a ṣẹ́ kèké lọ́dún yìí, ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló bọ́ sí ẹgbẹ́ tó ní ogun tọ́, ẹni tó pè ní ẹrú òyìnbó bọ́ sí ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀dọ́kùnrin náà dìde, ó ní, "Bàbá, ohun tẹ́ ẹ sọ ni pé…" Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá náà mi orí, wọ́n ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà kẹta, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí."

Mo ti kó àwọn ìwé ìbò náà sínú ápòòwé, mo kọ ọjọ́ sí i lẹ́yìn, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí di ọdún tó ń bọ̀. "Ó tọ́" tàbí "Kò tọ́" ni gbogbo wọn kọ, àfi ẹyọ kan. Gègé àgbà ló wà lórí rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá, ó ní: "Ẹ fún wọn ní oṣù mẹ́ta sí i."